Ríra ilé ní Herne Bay: ẹ gbà wá nímọ̀ràn kí a tó fi owó lélẹ̀

Àṣàkẹ́, Thamesmead

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi gbogbo. Ọdún mọ́kànlá rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń háyà ilé ní Thamesmead ní London, ibẹ̀ náà ni a sì bí àwọn ọmọ wa méjèèjì sí. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ́fíìsì ọkọ mi wà ní àárín London, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń retí rẹ̀ níbẹ̀, ilé ló ti ń ṣe ìyókù iṣẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, ìjọ wa kó àwọn ọmọdé lọ ṣeré ní Herne Bay, ìlú kékeré kan ní etíkun àríwá Kent, tó wà láàárín Whitstable àti Margate. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà, òkun dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọmọ mi sì sáré lórí òkúta wẹẹrẹ etí omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò níbẹ̀. A ti wo ilé mẹ́ta. Àkọ́kọ́ jẹ́ fúláàtì nínú ilé àtijọ́ alájà mẹ́rin tó kọjú sí òkun gan-an. Èkejì jẹ́ ilé ilẹ̀ tó ní ọgbà ní Beltinge, àdúgbò kan ní ìlú náà, tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé orí bèbè gíga etí òkun láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ó fara ti ilé mìíràn lọ́tùn-ún àti lósì, kò sì rí òkun rárá. Owó wọn wà láàárín £290,000 sí £340,000. Ọkàn mi wà lára èkejì; ọkọ mi ní kí a má kánjú. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti gbé etíkun England rí: kí ni kí a wò, kí ni kí a béèrè, ta ni kí a sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Herne Bay

Àbúrò mi, ẹ káàbọ̀. Láti Peckham ní London ni èmi àti ìyàwó mi ti kó wá síbí ní ọdún 2016, a kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí ẹ rí ní oṣù kẹjọ kọ́ ni ìlú tí ẹ óò máa gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, kí ó jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, kí ó má ṣe jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin wá, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé ilé tí ẹ fẹ́ rà ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn fẹ́ wọlé láti orí Òkun Àríwá kò ní ohunkóhun tó ń dá a dúró kí ó tó kàn yín lójú. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù etí omi tí ẹ rí pẹ̀lú èrò nígbà náà ni yóò ti ilẹ̀kùn wọn. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ lásìkò yẹn, tí ọkàn yín ṣì fẹ́ ìlú náà, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Bí ẹ bá ti dé etí omi, ẹ wo ọ̀ọ́kán, ẹ óò rí ohun kan bí erékùṣù onírin tó dá dúró láàárín òkun. Orí afárá ìgbafẹ́ Herne Bay àtijọ́ ni. Afárá náà gùn ju kìlómítà kan lọ nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1899, kí ìjì ọdún 1978 tó gbá àárín rẹ̀ lọ. Mo máa ń fi han gbogbo àlejò wa, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tó lè jẹ́ kí èèyàn gbà pé omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn ní agbára tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ ọkọ yín, ọkọ̀ ojú irin wà tó ń lọ sí ibùdókọ̀ Victoria ní London, òmíràn tó ń yára sì wà tó ń lọ sí St Pancras níbẹ̀ kan náà. Ẹ ka nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ sí i, kí ẹ sì fi ìrìn ẹsẹ̀ kún un. Ara ẹni tó ń lọ lójoojúmọ́ kò ní lè gbà á fún ìgbà pípẹ́, àpò rẹ̀ náà kò sì ní lè gbà á. Fún ẹni tó ń lọ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ béèrè tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Flexi Season, tó ń fúnni ní ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́jọ láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí wọ́n bá ń tún ojú irin ṣe ní Ọjọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀, ìrìn-àjò náà a sì gùn gan-an. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ìjọ yín wà ní London.

Àwọn aládùúgbò wa ṣe dáadáa sí wa. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ní àkókò láti bá èèyàn sọ̀rọ̀, èyí tí a kò rí ní Peckham. Síbẹ̀, n kò ní fi òótọ́ pamọ́ fún yín: àwọn èèyàn bíi tiwa kò pọ̀ níhìn-ín. Fún ọdún méjì, àwọn ìbejì mi nìkan ni ọmọ aláwọ̀ dúdú nínú kíláàsì wọn. A ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lójúkojú, a sì ń rí i dájú pé wọ́n ń lo ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń sọ Yorùbá. Ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí àti iṣu, a máa ń lọ rà á pọ̀ ní Chatham lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Whitstable

Bàbá Ìbejì ti sọ ti ojú ọjọ́. Èmi fẹ́ sọ ti ilẹ̀, nítorí pé ní etíkun, ilẹ̀ ni èèyàn ń rà kí ó tó ra ilé. Ẹnjinníà ni mí, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí òkun ṣe ń ṣe pẹ̀lú etíkun yìí. Ní ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, omi ló ń wọlé báni. Ní ibi tí ó bá ti ga, ilẹ̀ ló ń lọ. Ewu méjèèjì kò jọra, ìwé tí ẹ óò fi wádìí wọn kò sì jọra.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti omi ṣáájú. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1953, ìjì ti Òkun Àríwá wọ àwọn ìlú etíkun ìlà-oòrùn England, èèyàn 307 ló sì kú ní England nìkan. Whitstable àti Herne Bay wà lára ibi tí omi wọ̀. Odi tí ẹ rí lẹ́bàá omi, àti apá òkúta gígùn tí wọ́n ń pè ní Neptune's Arm, iṣẹ́ wọn ni láti fọ́ agbára ìgbì kí ó tó dé ìgboro. Lójú òpó ìjọba, GOV.UK, ẹ lè tẹ àdírẹ́ẹ̀sì ilé kan, ẹ óò sì rí bí ewu àkúnya omi ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, láti inú òkun àti odò, àti láti inú òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ṣe fojú kéré ti òjò, nítorí pé ilé tó jìnnà sí òkun lè wà nínú kòtò tí gbogbo omi àdúgbò ń ṣàn gbà.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó ná owó kankan lórí ilé náà, ẹ béèrè iye tí adójútòfò yóò gbà lórí àdírẹ́ẹ̀sì yẹn gan-an. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Flood Re, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, òun ló ń jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè gba ilé tó wà níbi àkúnya omi ní iye tó ṣeé san. Ilé tí wọ́n kọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2009 síwájú kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà ilé tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ààbò bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ètò náà fúnra rẹ̀ yóò sì parí ní ọdún 2039. Bí ẹ bá gba mọ́géèjì, ìyẹn owó tí báǹkì ń yáni ra ilé, fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lónìí, ẹ ṣì máa wà lórí gbèsè nígbà tí ètò náà bá kásẹ̀ nílẹ̀.

Nísinsìnyí, ilé Beltinge. Amọ̀ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní London Clay ló wà nínú bèbè gíga etíkun náà. Bí òjò bá rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, amọ̀ yìí a mu omi yó, a wúwo, a sì máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ lódindi. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láti dá apá kan nínú bèbè náà dúró, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá rìn dé ìhà Bishopstone, ẹ óò rí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òkun, amọ̀ àti iyanrìn ń wó lulẹ̀ lójú èèyàn. Bí ẹ bá tún rìn síwájú dé Reculver, ẹ óò bá ilé ìṣọ́ méjì ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó dúró lẹ́bàá omi, níbi tí òkun ti gbé nǹkan bí ìdajì odi àwọn ọmọ ogun Róòmù lọ. Ní ìhà kejì ìlú, Hampton-on-Sea wà níbẹ̀ nígbà kan. Òkun jẹ ẹ́ títí tó fi ku Edmund Reid nìkan, ọ̀gá ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ London tó ti fẹ̀yìn tì, kí òun náà tó kó kúrò ní ọdún 1916.

Gbogbo etíkun England ló ní ìwé ètò tí wọ́n ń pè ní Shoreline Management Plan. Fún apá kọ̀ọ̀kan, ìwé náà yóò sọ bóyá wọn yóò máa dáàbò bo ibi tí etí omi dé báyìí, tàbí wọn yóò ti ààbò náà síwájú sínú òkun, tàbí wọn yóò jẹ́ kí omi sún wọlé lábẹ́ àbójútó, tàbí wọn kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ wá apá tí ilé yín wà, kí ẹ sì kà á dé òpin, nítorí pé ìpinnu tó wà fún ọdún 2055 lè yàtọ̀ sí èyí tó wà fún ọdún 2105. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí òkun bá gbé ilé wọn, ìjọba tàbí adójútòfò yóò san iye rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí owó gbà-máà-bínú fún ilé tí òkun jẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ní England, adójútòfò ilé kì í sì í sábà gba irú òfò bẹ́ẹ̀. Ní Hemsby, ní Norfolk, wọ́n ti wó àwọn ilé orí iyanrìn léraléra láti ọdún 2013, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n kò sì ní ibòmíràn.

N kò sọ pé kí ẹ má ra ilé Beltinge. Àwọn òpópónà wà níbẹ̀ tó jìnnà sí bèbè dáadáa. Mo ń sọ pé kí ẹ san owó fún sọ̀fíyọ̀, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ilé wò, tó wà nínú RICS, ẹgbẹ́ àwọn onísẹ́ náà, kí ẹ ní kí ó ṣe àyẹ̀wò Level 3, èyí tó jinlẹ̀ jù, kí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ bèbè ni ẹ fẹ́ gbọ́. Àyẹ̀wò tí báǹkì ń ṣe kí wọ́n tó yáni lówó, báǹkì ló ń dáàbò bò.

Akọ̀wé Lọ́yà, Gravesend

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ilé rírà ní ọ́fíìsì lọ́yà, mo sì fẹ́ sọ ohun tó kan àwọn èèyàn wa ní pàtàkì, nítorí pé ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí i tó ń dá ìdílé dúró ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí owó àjọ. Òfin tó ń dènà owó ọ̀daràn ló ní kí lọ́yà mọ orísun gbogbo owó tí ẹ fẹ́ fi ra ilé. Bí £12,000 bá ṣàdédé wọ àkáǹtì yín, tí ẹ sì sọ pé àjọ ni ẹ kó, ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni pé ta ni alájọ, àwọn wo ló wà nínú rẹ̀, níbo sì ni ẹ̀rí wà pé ẹ̀yin náà ń dá a lóṣooṣù. Mo mọ ìdílé kan tí ilé bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí pé owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá tiwọn. Láti òní lọ, ẹ máa gba báǹkì dá àjọ yín, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ ni, kí ẹ sì ní kí alájọ kọ ìwé tó fi oṣù tí oníkálukú kó hàn. Bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n bá fún yín lówó, báǹkì yóò fẹ́ ìwé tó sọ pé ẹ̀bùn ni, pé kì í ṣe gbèsè, àti pé ẹni náà kò ní ìpín nínú ilé.

Èyí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni owó orí tí wọ́n ń pè ní Stamp Duty. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ kì í san nǹkan kan lórí £300,000 àkọ́kọ́, bí owó ilé náà kò bá ti ju £500,000 lọ. Ẹni tó ti ní ilé rí yóò san £5,000 lórí ilé £300,000 kan náà. Ẹni tó ṣì ní ilé mìíràn, tí kì í ṣe pé ó ń fi tuntun yìí rọ́pò ilé tó ti ń gbé, yóò fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó ilé lé e, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì di £20,000. Ilé tí òfin ń sọ kì í sì í ṣe ilé England nìkan. Ilé tí ẹ kọ́ sí Ìbàdàn tàbí èyí tí ẹ rà ní Lẹ́kí wà nínú rẹ̀, bí ìpín yín nínú rẹ̀ bá ti tó £40,000. Tọkọtaya jẹ́ ọ̀kan lójú òfin yìí: bí ọkọ bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìyàwó wá fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan ra ilé ní Kent, àfikún náà ṣì wà lọ́rùn wọn.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní England, kí ẹ ní ẹ gbà kí onílé sì ní òun gbà kò tíì so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn lọ́yà méjèèjì bá pààrọ̀ ìwé àdéhùn ni ọ̀rọ̀ di ti òfin. Ní ọjọ́ náà ni ẹ sábà máa ń san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé, ẹ sì lè pàdánù rẹ̀ bí ẹ bá padà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà gan-an ni kí adójútòfò yín bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú àdéhùn tí wọ́n ń lò jù, ọrùn ẹni tó ń rà ni ewu ilé wà láti ìgbà náà, bí ìjì bá tilẹ̀ ṣí òrùlé rẹ̀ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Àṣàkẹ́, Thamesmead

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín já lu àyà mi. Bàbá mi papò dà ní ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi ilé kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta fún àwa ọmọ mẹ́rin. Ìyá wa ló ń gbé inú rẹ̀. N kò ka ara mi sí ẹni tó ní ilé rí. Ṣé ó kàn mí?

Akọ̀wé Lọ́yà, Gravesend

Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá, Ọlọ́run yóò dá ìyá sí. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín, ó sì pín sí méjì. Ní ti àfikún ìdá márùn-ún, ìpín ogún tí kò ju ìdajì ilé lọ, tí kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta tó ti kàn yín, wọn kì í kà á. Ìpín tí iye rẹ̀ kò tó £40,000 náà, wọn kì í kà á. Ní ti ẹ̀dínwó olùrà àkọ́kọ́, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òfin sọ pé ẹni tó ti ní ilé rí níbikíbi láyé, ì báà jẹ́ nípa ogún, kì í ṣe olùrà àkọ́kọ́ mọ́. Nínú àṣà wa ẹ̀wẹ̀, ilé ẹbí jẹ́ ti ẹbí lápapọ̀, ọmọ kan kò lè dá a tà. Bóyá bàbá kọ ìwé ìhágún, bóyá ẹ ti pín ilé náà ní yàrá-yàrá, bóyá ó ṣì jẹ́ ilé ẹbí: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn tirẹ̀. Ẹ kó gbogbo ìwé lọ bá agbaninímọ̀ràn owó orí, kí ẹ gba èsì ní kíkọ, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé olùrà àkọ́kọ́ ni yín. Ẹ fi £5,000 pamọ́ títí èsì náà yóò fi dé.

Ará Gillingham

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n èmi yóò ní kí ẹ má lọ. Ní Gillingham àti Chatham, ẹ óò rí ilé ní iye tó jọ ọ́, ọkọ yín yóò tètè dé London, àwọn ọmọ yín yóò rí ẹni tó jọ wọ́n, ẹ óò sì rí ata rodo rà láìwọ ọkọ̀. Ẹ lè wọ ọkọ̀ lọ wo òkun lọ́jọ́ tó bá wù yín. Èmi gbé etíkun fún ọdún mẹ́ta. Ìyàwó mi dá nìkan wà nínú ilé ní ìgbà òtútù kejì, n kò sì tètè mọ̀ bí ó ṣe rí lára rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Herne Bay

Ará Gillingham, òótọ́ ni ẹ sọ, mi ò sì ní bá yín jiyàn lórí ìdáwà. Ohun tó gbà wá ni pé ìyàwó mi ríṣẹ́ ní ìlú kí a tó kó dé, tí ó fi jẹ́ pé ó ti ní ojúlùmọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Àṣàkẹ́, kí ẹ wá iṣẹ́ tiyín ṣáájú ilé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Margate

Lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́: ilé ìwòsàn QEQM tó wà ní Margate ló ní ẹ̀ka pàjáwìrì tó sún mọ́ Herne Bay jù. Ti Canterbury sún mọ́ ọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ibi ìtọ́jú kánkán nìkan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ka pàjáwìrì kíkún. Bí aláìsàn bá wà nínú ilé yín, ẹ mọ èyí ṣáájú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà, àmọ́ àfikún owó oṣù tí ẹ ń gbà nítorí London kò dé ìlà-oòrùn Kent, nítorí náà ẹ fi owó oṣù ibí ṣe ìṣirò mọ́géèjì yín. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì wá dókítà eyín tó ń gba aláìsàn NHS, ètò ìlera ìjọba, kí ẹ tó kó dé, ó ṣòroó rí.

Ọmọ yín tó jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ni kí ẹ tètè rò. Kent ṣì ní àwọn ilé ìwé girama tí wọ́n ń fi ìdánwò mú ọmọ wọ̀, ìyẹn Kent Test, oṣù kẹsàn-án ní ìbẹ̀rẹ̀ Year 6, ọdún tó kẹ́yìn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n sì ń ṣe é. Ìforúkọsílẹ̀ máa ń parí ṣáájú ìsinmi gígùn. Bí ẹ bá kó dé ní oṣù kẹjọ láìmọ̀, àǹfààní náà ti kọjá. Àwọn ilé ìwé girama wà ní Canterbury àti Faversham, ìrìn-àjò ojoojúmọ́ ni.

Ìyá Dàmọ́lá, Folkestone

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fúláàtì tó kọjú sí òkun, nítorí irú rẹ̀ ni mo rà. Leasehold ni ọ̀pọ̀ irú fúláàtì bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ra ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn ló ni ilẹ̀ àti ara ilé. Ẹ béèrè iye ọdún tó kù; bí ó bá ti sún mọ́ ọgọ́rin, owó àtifikún un ń ga, báǹkì sì lè kọ̀ láti yá yín lówó. Ẹ béèrè owó ìtọ́jú ilé fún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè bóyá ìwé ìkìlọ̀ Section 20 ti jáde. Ìwé yìí ni onílé gbọ́dọ̀ fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí ìpín ẹnì kan nínú rẹ̀ yóò ju £250 lọ. Èmi kò béèrè. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo gba kọ́kọ́rọ́, ìwé dé pé wọ́n fẹ́ tún òrùlé àti iwájú ilé ṣe, ìpín tèmi sì jẹ́ £9,400.

Iyọ̀ ló fà á. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ wá sára ilé láìdúró, ó ń jẹ́ kí irin dógùn-ún, ó sì ń bó ọ̀dà lára ògiri. Nígbà tí ẹ bá wo ilé, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ìdè wọn. Ẹ fọwọ́ kan ògiri tó kọjú sí òkun láti inú, pàápàá lẹ́yìn àpótí aṣọ àti lẹ́bàá àjà, bóyá ọ̀rinrin wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun yàrá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ yẹ kó mú yín béèrè ìdí. Àwọn ẹyẹ òkun ńlá tún ń tẹ́ ìtẹ́ sórí òrùlé, ariwo wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, òfin ọdún 1981 tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá inú igbó kò sì jẹ́ kí èèyàn kó ẹyin wọn tàbí kó tú ìtẹ́ wọn bó ṣe wù ú. Ìgbà òtútù ni kí ẹ ti ojú ihò símínì pa, kí wọ́n tó dé.

Àgbà Clacton

Àṣàkẹ́ kò béèrè èyí, àmọ́ ẹ̀yin mìíràn tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá rí ilé etíkun tí owó rẹ̀ kò ju £50,000 lọ, ẹ wò ó bóyá karaváànì inú ọgbà ìsinmi ni. Ilẹ̀ kì í ṣe tiyín, ẹ óò máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, ìwé àṣẹ ọgbà náà sì lè má gbà kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe ibùgbé ojoojúmọ́. Mo ti rí ọmọ wa tí wọ́n lé jáde ní oṣù kìíní nígbà tí ọgbà náà ti.

Àṣàkẹ́, Thamesmead

Mo padà wá dúpẹ́, kí n sì ròyìn. A lọ ní Ọjọ́rú tó kọjá, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì, bí Bàbá Ìbejì ṣe sọ. Òjò rọ̀ láti Faversham títí a fi dé. Ní etí omi, ìgbì ń fọ́ sórí odi tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń ta sí ojú títì, ọmọ mi kékeré sì di aṣọ mi mú. Ní Beltinge, a wọ ọgbà ilé tí mo fẹ́ràn náà. Ojú ọ̀nà onísìmẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀ ti là láti òpin kan dé èkejì, àtẹ́lẹwọ́ mi sì wọ inú rẹ̀. Éjẹ́ǹtì ní gbòǹgbò igi ló fà á. N kò rí igi kankan.

A rìn padà sí ilé tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ògiri rẹ̀ gbẹ, èsì tí a rí lórí GOV.UK sì fi hàn pé ewu omi rẹ̀ kéré. Ọkọ mi kò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Mo ti kọ ìwé ìbéèrè iṣẹ́ sí Margate. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wá ìwé ilé Abẹ́òkúta fún agbaninímọ̀ràn owó orí, alájọ wa sì ti kọ ìwé tí Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé sọ. A sọ iye tí a fẹ́ san fún ẹni tó ni ilé ẹ̀yìn ibùdókọ̀ náà ní àná, ó sì gbà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni sọ̀fíyọ̀ yóò lọ; bí èsì rẹ̀ bá dé, n óò gbé e wá síbí kí ẹ bá wa wò ó.